Ọ̀nà Odò Kì í Ṣe Ti Ẹnì Kan: Eré Òwúrọ̀ Láàárín Òkè àti Omi Ìkògòsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àgbàlagbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní ìdájí, tí ó ń rún orín, nígbà tí ó bá rí olùkọ́ kan, ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí ó wọ ṣòkòtò péńpé àti bàtà rọ́bà, tí ó ń sáré gba iwájú ilé kọjá. Kò lé ẹran, kò sì sí ẹni tí ó ń lé e. Bàbá náà yóò dìde, yóò wo ẹ̀yìn asáré náà bóyá ilé kan ni ó ń jóná tàbí olè ni wọ́n ń lé bọ̀. Nígbà tí kò bá rí nǹkan kan, yóò mi orí, yóò sì padà jókòó.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá irú bàbá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Sá àti eré ni ó di sáré, sá yìí kan náà ni ó sì wà nínú sá lọ, nínú sá pamọ́ àti nínú ìsáǹsá. Ẹni tí ó ń sáré ti fi ẹsẹ̀ kan wọ inú ìfura kí ó tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ tún wo ti ìkíni. Yorùbá ní ìkíni fún ẹni tí ó jókòó, fún ẹni tí ó dúró, fún ẹni tí ó ń bọ̀ láti oko, fún ẹni tí ó ń gẹrun, àní fún ẹni tí ó ń sinmi. Ṣùgbọ́n kí ni a ó kí ẹni tí ó ń sáré nítorí àtisáré nìkan? Àwọn kan ń sọ pé ẹ kú eré, àwọn mìíràn ń sọ pé ẹ kú ìdárayá. Ẹnu kò tíì kò lórí èwo ni ó tọ́. Nígbà tí ìkíni bá ṣì ń wá ibùjókòó, ó hàn gbangba pé àṣà tí ó bí i kò tíì pẹ́ ní ìlú.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní eré sísá kì í ṣe ti Yorùbá rárá ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Kí wáyà tó dé, kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ ọba. Àwọn ìlàrí ni wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń fá apá kan orí wọn kí gbogbo ayé lè mọ̀ wọ́n. Àwọn Ẹmẹsẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ ti Ọọ̀ni ní Ifẹ̀. Àrokò tí a bá fi ìwo àti owó ẹyọ dì kò lè dá rìn lọ sí ìlú kejì. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893, nígbà tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀ kojú Ìbàdàn lórí àwọn òkè ìhà yìí, ìròyìn ojú ogun kò ní ọkọ̀ mìíràn ju ẹsẹ̀ lọ. Eré nígbà náà ní ìdí, ó sì ní ẹni tí ó rán asáré. Èyí tí ó jẹ́ tuntun ni pé kí ènìyàn rán ara rẹ̀ níṣẹ́.

Ìdí náà kò sì farasin. Baba tí ó ń rin ibùsọ̀ mẹ́ta lọ sí oko kòkó, tí ó ń rin mẹ́ta bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, kò ní ohun tí ó fẹ́ fi eré òwúrọ̀ ṣe. Ọmọ rẹ̀ tí ó di akọ̀wé, tí ó ń jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ọ̀kadà ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé, ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń dọdẹ. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí kò le púpọ̀, irú bí ìrìn kíákíá, tàbí ìṣẹ́jú 75 fún èyí tí ó le, irú bí eré sísá. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ju ohun tí ìyá àgbà ń rìn lọ sí odò láàárín ọjọ́ mélòó kan lọ.

Ibo ni ènìyàn yóò wá ti sá a? Ní ìlú ńlá, ojú títì ni, láàárín èéfín ọkọ̀ àti fèrè dánfó. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú kéékèèké wà tí Elédùmarè fi òkè, igbó àti omi yí ká, tí ọ̀nà tí ó dára jù lọ fún asáré sì jẹ́ ọ̀nà tí àwọn baba ńlá ti fi ẹsẹ̀ là sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìkògòsì-Èkìtì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì.

Ìlú náà jókòó sí ẹsẹ̀ òkè gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó jókòó sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn òkè tí ó yí i ká jẹ́ ara àwọn òkè kan náà tí ó na ara wọn gba agbègbè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, tí omi Olúmirin ti ń já bọ́ ní ìpele méje ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé láti inú òkìtì ni àwọn ènìyàn ti sọ pé orúkọ Èkìtì jáde kò ní bèèrè ìdí rẹ̀ mọ́ bí ó bá ti sáré gun ọ̀kan nínú wọn.

Ohun tí ó sọ Ìkògòsì di olókìkí ni ìsun méjì: ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀kan tutù. Lábẹ́ igi gíga, láàárín igbó tí oòrùn kì í rí ààyè wọ̀ dáadáa, omi gbígbóná ń ṣàn bọ̀ láti apá kan, omi tútù láti apá kejì, títí wọn yóò fi pàdé, tí wọn yóò sì di odò kan ṣoṣo. Ní ibi ìpàdé yìí, ènìyàn lè ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí tí ó gbóná, kí ó ki ìkejì bọ èyí tí ó tutù. Fún ẹni tí ó ti sáré, tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le, kò sí oníṣègùn tí ó lè fún un ní ohun tí ó dùn ju ìyẹn lọ. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé òjò ni ó ń gba ojú sísán inú àpáta wọlẹ̀ lọ jìnnà, níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, kí ó tó tún gba ojú sísán mìíràn jáde.

Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń pa gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní ọdẹ kan ni ó ní ìyàwó méjì. Ọ̀kan gbóná bí iná, ìkejì tutù bí omi àmù. Ìjà wọn kò tán, títí wọ́n fi di omi, tí ọkọ wọn sì di òkè tí ó dúró tì wọ́n. Bí a ti ń pa ìtàn náà nìyí, ìyàwó onínúure ni a sì máa ń yìn. Kò sí ẹni tí ó ń bèèrè ohun tí ọkọ ṣe nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́. Ó di òkè, ó dákẹ́, ó sì rí ààyè dúró wò wọ́n títí di òní. Ẹ̀kọ́ tí obìnrin ń rí kọ́ nínú ìtàn yìí lè má jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ọkùnrin ń rí.

Ní 1952 ni àwọn ajíhìnrere Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà dé ibẹ̀, tí wọ́n sì tẹ àgọ́ sí ẹ̀bá omi náà fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ. Lẹ́yìn wọn ni ìjọba sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́, ìlú náà sì bọ́ sí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkìtì nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996. Ìbọ̀wọ̀ fún omi ni ó kọ́kọ́ dá igbó náà sí, kí àgọ́ tó wá dá a sí, kí owó ẹnu ọ̀nà tó wá dá a sí. Ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe: wọn kò jẹ́ kí àáké dé ibẹ̀.

Fún asáré, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Èkíní kúrú, ó yí inú igbó ìsun ká, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì kún fún ewé gbígbẹ. Ó dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré. Èkejì jẹ́ ọ̀nà ọ̀dà tí ó lọ sí Ẹrìjìyàn, èyí tí kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀ ju pé kí asáré máa kọjú sí ọkọ̀, kí ó má kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀kẹta ni ọlọ́lá jù: ọ̀nà Ìpólé-Ìlorò, níbi tí omi Arinta ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Òkè ni, kòtò ni, kòkó àti obì wà ní ọ̀tún àti ní òsì, àgbìgbò sì lè máa fò gba orí igi kọjá bí ẹni tí ó ń ti ọjà bọ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, ìkùukùu máa ń bo àfonífojì, tí orí òkè nìkan yóò yọ. Ní ìgbà òjò, òkúta ẹ̀bá omi máa ń hu èéhù, ó sì máa ń yọ̀ bí ilá. Ẹni tí ó bá sáré lórí rẹ̀ yóò fi ìdí ka òkúta. Kí ó rìn níbẹ̀. Asárétete kì í róyè jẹ.

Láàárín àwọn ọ̀nà tí ọkọ̀ mọ̀ yìí ni àwọn tí ọkọ̀ kò mọ̀ wà: ọ̀nà oko, ọ̀nà odò, ọ̀nà tí a fi ń gé kọ́rọ́ láti abúlé dé abúlé. Irú wọn wà ní gbogbo ìlú Èkìtì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ àṣà ti wọlé. Ọ̀nà ní òfin, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sí ìwé.

Òfin kìíní ni ti àgò. Odò jẹ́ ibi ìwẹ̀, ó jẹ́ ibi ìfọṣọ, ìhòhò ènìyàn sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò ní láti dúró ní ibi tí igbó ti pa ojú mọ́, kí ó ké pé, “Àgò o!” Bí ẹnì kan bá wà nínú omi, yóò dáhùn pé kí ó dúró díẹ̀, bí kò bá sí ewu, wọn yóò ní, “Àgò yà.” Asáré tí ó bá já lu àwọn obìnrin nínú odò láìké àgò, tí ó wá ń bẹ̀bẹ̀ pé eré òun ni kò jẹ́ kí òun rántí, ti sọ ara rẹ̀ di aláìmọ̀wà-hù, bí ó tilẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá.

Òfin kejì ni ti àmì. Màrìwò tí a ta sí ojú ọ̀nà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ń sọ pé ibi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ẹsẹ̀, ìbáà ṣe igbó orò, ìbáà ṣe ìgbàlẹ̀. Ààlè tí a so mọ́ igi ń sọ pé èso tàbí igi ìdáná náà ní olúwa. Igbá tí a gbé sí oríta, a kì í fi ẹsẹ̀ gbá a, a kì í sì í fò ó. A ń yà fún un ni. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí tàbí Kristẹni kò ní láti bọ nǹkan kan kí ó tó yà fún igbá. Ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ní ọjọ́ tí a bá sì kéde orò, obìnrin asáré kò ní jáde ní ìlú tí òfin náà ti múlẹ̀. Àwọn kan ń jiyàn lórí èyí lóde òní, àríyànjiyàn náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ní ìdájí kọ́ ni a ti ń parí rẹ̀, iwájú ọba àti ìgbìmọ̀ ni.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹrù. Ẹni tí kò ru nǹkan ni ó ń yà fún ẹni tí ó rù. Ìyá tí ó ru igi bọ̀ láti oko kò gbọdọ̀ wọ inú koríko onírì nítorí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú tí òun fi sáré. Kí asáré dúró, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà,” kí ó tó máa lọ. Ìdádúró náà kò pa eré lára. Kí ó má sì yà kúrò lójú ọ̀nà wọ inú igbó, nítorí ọdẹ lè ti dẹ ebìtì síbẹ̀ fún ẹran, ebìtì kò sì mọ ẹran yàtọ̀ sí olùkọ́.

Ní ọ̀nà àtijọ́, ọ̀nà odò kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹbí lè ni oko ní ọ̀tún, kí ẹbí mìíràn ni ti òsì, ṣùgbọ́n ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín jẹ́ ti gbogbo ìlú, nítorí pé omi jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ẹni tí ó bá gbin iṣu dí i yóò gbọ́ ohùn àwọn àgbà kí iṣu náà tó ta. Iṣẹ́ ni a sì fi ń dá ẹ̀tọ́ yìí mọ̀. Bí ọdún bá ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ yóò mú àdá àti ọkọ́, wọn yóò yẹ̀nà: ti odò, ti oko, ti ìlú kejì. Ẹni tí kò bá jáde yóò san owó ìtanràn. Nígbà tí wọ́n bá ń yẹ̀nà ni ọmọdé ń mọ ibi tí ọ̀nà gbà, orúkọ tí ó ń jẹ́, àti ìdí tí ó fi ń jẹ́ orúkọ náà. Ilé-ìwé kan ni yíyẹ̀nà jẹ́, tí a kò fi ìwé kọ́.

Bí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ṣe ń kú nìyí. Ẹnì kan yóò gbẹ́ kànga tàbí kí ìjọba gbẹ́ omi ẹ̀rọ sí àárín ìlú, ohun rere sì ni, nítorí ó gba àwọn ìyá lọ́wọ́ ìnira àti àwọn ọmọ lọ́wọ́ àrùn. Ẹsẹ̀ yóò dín lójú ọ̀nà odò. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yóò ti túká lọ sí Adó, Àkúrẹ́ àti Èkó, kò sì ní sí ẹni tí yóò yẹ̀nà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, koríko yóò bò ó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹbí kan yóò ta ilẹ̀; àwọn awọnlẹ̀ yóò dé, wọn yóò ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, wọn yóò ya ilẹ̀ sí ìwé, ọ̀nà odò kò sì ní sí nínú àwòrán nítorí kò sí ẹni tí ó rántí sọ ọ́. Láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti jáde ní 1978 ni ìwé ti borí ẹnu lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹni tí ó rà á yóò mọ ògiri yí i ká. Kò jẹ̀bi lójú ìwé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, tí iná kò sì sí láti fi fa omi, àwọn ìyá yóò gbé garawa, wọn yóò rántí odò, wọn yóò sì bá ògiri lójú ọ̀nà.

Ohun tí ó tún ń tẹ̀lé e burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odò tí ẹnikẹ́ni kò dé mọ́ kò ní ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń gé igi yóò dún ní etí omi fún ọ̀sẹ̀ kan kí ìlú tó mọ̀, igi tí ó ń fi òjìji bo omi yóò ti di pákó, ìdọ̀tí yóò sì ti kún ibi tí àwọn ọmọdé ti ń wẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lójoojúmọ́ ni olóde odò.

Nítorí èyí ni ó fi dà bí ẹni pé asáré òwúrọ̀ tí àwọn àgbà ń fura sí lè wúlò fún àṣà ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Òun nìkan ni ó tún ń wá ọ̀nà tí kò gbé e dé ibì kan. Bí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá bá ń gba ọ̀nà odò sáré lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, koríko kò ní bò ó. Bí wọ́n bá mú àdá dání lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, yíyẹ̀nà ti padà dé. Bí olùkọ́ ìtàn tàbí ti èdè Yorùbá bá ní kí wọ́n kọ orúkọ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì mú ẹ̀dà kan lọ sí ààfin àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, awọnlẹ̀ tí yóò dé lọ́jọ́ iwájú yóò bá ìwé pàdé ìwé. Kò ní owó púpọ̀ nínú. Ohun tí ó gbà ni pé kí ọ̀dọ́ bèèrè kí àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n tó lọ, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀ mọ́.

Bàbá tí ó ń rún orín ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lára wọn. Kí asáré dúró níwájú rẹ̀ ní ọ̀la, kí ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú òógùn lójú, kí ó bi í léèrè ibi tí wọ́n ń gbà lọ sí odò nígbà tí bàbá ṣì wà ní ọ̀dọ́. Bàbá yóò kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni. Lẹ́yìn náà ni yóò dìde, yóò yọ orín lẹ́nu, yóò fi nà án sí ẹ̀yìn àwọn ilé tuntun, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn.